Erékùṣù Tó Mọ Orúkọ Àbúrò Mi

Yàrá àlejò bàbá mi ní ìlú Oǹdó máa ń rùn bí ìwé àtijọ́ àti káńfọ̀, òórùn kan tí kì í tètè kúrò lára aṣọ. Bí mo bá ti Àkúrẹ́ lọ kí wọn lọ́jọ́ Sátidé tí mo sì padà sílé, ọkọ mi á fa imú, á ní, "O ti dé ọ̀dọ̀ bàbá lónìí." Tíṣà jọ́gíráfì ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwòrán ayé ńlá kan sì wà lára ògiri yàrá náà tí oòrùn ti ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ní ọdún tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí, wọ́n fi bírò pupa yí ibì kan ká láàárín òkun lára àwòrán náà, ibi tó kéré débi pé bí eṣinṣin bá bà lé e, o ò ní rí i mọ́. Orílẹ̀-èdè ni o. Ó ní àsíá, ó ní olórí ìjọba, ó ní ilé aṣòfin, àmọ́ bí a bá kó gbogbo ènìyàn ibẹ̀ wá sí Àkúrẹ́, a ó rí ibi fi wọ́n wọ̀ sí, àyè á sì tún ṣẹ́ kù. Ibẹ̀ ni àbúrò mi obìnrin, àbíkẹ́yìn ilé wa, ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Iṣẹ́ ló gbé e débẹ̀. Ó ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́rin nílé, ó ti fi iná fóònù gbẹ̀bí, ó ti dá ìbọ̀wọ́ rà fúnra rẹ̀ kó tó lè fọwọ́ kan aláìsàn. Nígbà tó gbọ́ pé erékùṣù yẹn ń wá nọ́ọ̀sì, ó kọ̀wé, wọ́n sì gbà á. Inú mi kò dùn sí i nígbà náà, n kò ní parọ́ fún ọ. Ìyá wa ti kú, èmi nìkan ló máa kù nítòsí bàbá, mo sì rò pé ó sá fún wa ni. Bàbá mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí àbúrò mi wọ ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ra ìwé ìkọ̀wé kan, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní erékùṣù náà sínú rẹ̀. "Ibi tí ọmọ ẹni bá ń gbé," wọ́n ní, "ó yẹ kéèyàn mọ ẹni tó ń ṣe ìjọba ibẹ̀."

Ọdún náà sì kún fún ìṣẹ̀lẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọ́n dìbò, ẹgbẹ́ tó wà lórí àléfà sì fìdí rẹmi. Lọ́sẹ̀ kejì, àbúrò mi fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ o. Olórí ìjọba tí wọ́n dìbò yọ wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lọ́dọ̀ wa lónìí. Orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí bíi ti gbogbo èèyàn, ìyá arúgbó kan ló ṣáájú rẹ̀." Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní kí n tún jẹ́ kí àwọn gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, búrẹ́dì wọ́n gógó níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tú sí ojú títì, àwọn ọlọ́pàá sì ń bá wọn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ẹni ń sin ìyàwó lọ sílé ọkọ. Lẹ́yìn náà, obìnrin tó kọ́kọ́ dé ilé aṣòfin wọn kú ní arúgbó kùjọ́kùjọ́, gbogbo iléèwé sì gba ọlidé ọjọ́ kan nítorí rẹ̀. Ayẹyẹ òmìnira tẹ̀ lé e, tí àwọn ọmọdé fi ọ̀dà kun gbogbo òkúta etí títì. Bàbá mi kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ọdún máa fi pé ìdajì, wọ́n mọ orúkọ àwọn mínísítà ibẹ̀ ju ti àwọn kọmíṣọ́nnà tiwa lọ, mo sì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. N kò mọ̀ pé ọdún náà kò tíì sọ ohun tó fẹ́ sọ.

Ìgbà òjò àrọ̀kúrò ni ìjì dé. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ni, mo wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi lọ sí Ìgbàrà-Òkè níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, ni ohùn rẹ̀ wọlé. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ìjì líle ń bọ̀ wá kọlù wá. Ilé ìwòsàn ni mo máa sùn, torí àwọn ọmọ ọwọ́. Ẹ má tíì sọ fún bàbá." Mo dá a lóhùn pé kó ṣọ́ra. Èsì mi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àmì kan ṣoṣo ni fóònù fi síwájú rẹ̀, àmì náà kò sì di méjì lọ́jọ́ yẹn, kò di méjì lọ́jọ́ kejì, kò di méjì títí ọ̀sẹ̀ fi yí po. Mo pè é, ohùn obìnrin ẹ̀rọ kan ló ń dá mi lóhùn. Nígbà tí mo máa fi dé Oǹdó lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ Sátidé, bàbá mi ti rí i nínú tẹlifíṣọ̀n: òrùlé tó fò lọ, igi àgbọn tó dùbúlẹ̀ bí ìgbálẹ̀, ọkọ̀ ojú omi tí ìgbì gbé sórí títì. Wọn kò bá mi wí pé mo fi pamọ́. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ilé ìwòsàn ńkọ́?" Mo ní n kò mọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, bàbá mi ní ká lọ sí Alágbàká, àdúgbò tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Àkúrẹ́. Ọmọ iléèwé wọn àtijọ́ kan ti di ọ̀gá àgbà nínú ọ́fíìsì ìjọba kan níbẹ̀, ọ́fíìsì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun. N kò ní dárúkọ ọ́fíìsì náà fún ọ. Bí o bá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn rí, wàá mọ̀ ọ́n. Bàbá mi fi gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kọ lẹ́tà, ojú ìwé méjì gbáko, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé wọn tó dà bí èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Orúkọ àbúrò mi wà níbẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, nọ́ńbà ìwé ìrìnnà rẹ̀, ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n wọ kóòtù tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè. Ní ẹnu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ gbé ìwé àlejò fún wa, ó ní ká kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù. Bàbá mi ti gbàgbé awò wọn sínú takisí, èmi ni mo kọ ọ́: orúkọ mi, nọ́ńbà mi.

Agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé la jókòó. Ọ̀gá náà kọjá níwájú wa nígbà mẹ́ta, ó sì rí wa. Ní agogo méjì ọ̀sán ni wọ́n tó pè wá wọlé.

"Háà, tíṣà wa!" ó ní, kò dìde. "Ẹ ṣì wà láyé?"

Bàbá mi ní, "Mo wà o, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ ló gbé mi wá." Wọ́n ṣàlàyé, wọ́n sì pe orúkọ erékùṣù náà. Ọ̀gá wo akọ̀wé rẹ̀, akọ̀wé wo ọ̀gá.

"Ṣé orílẹ̀-èdè nìyẹn?" ó ní. "Mo rò pé orúkọ ọṣẹ ni." Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ó wá yí ojú padà, ó ní, "Ẹ wò ó, bàbá, ta ló ní kó lọ? Àwọn ọmọ wa á kàn sá lọ, bí nǹkan bá wá yíwọ́ tán, ìjọba, ìjọba. Ẹ fi lẹ́tà yín sílẹ̀. A máa ṣiṣẹ́ lé e lórí."

Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n dúpẹ́. Mo rántí pé ń ṣe ni mo ń wo bàtà mi, nítorí bí mo bá gbójú sókè, ohun tó máa jáde lẹ́nu mi kò ní ṣeé kó padà.

Lọ́jọ́bọ̀, a tún padà lọ, torí bàbá mi gbà pé bí èèyàn bá fi nǹkan sílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, ó yẹ kó wá béèrè rẹ̀. Ọ̀gá kò sí níjòókòó. Akọ̀wé ló wà níbẹ̀, ó ń jẹ ìrẹsì. Ohun tó tẹ́ sábẹ́ abọ́ ìrẹsì rẹ̀, kí epo má baà ta sórí tábìlì, ni lẹ́tà bàbá mi. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà láti ẹnu ọ̀nà. Epo ti mu orúkọ àbúrò mi, ọ̀rọ̀ náà ti ṣú pọ̀ bí ìdin.

Mi ò mọ gbogbo ohun tí mo sọ tán lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé mo pariwo débi tí àwọn èèyàn fi jáde láti ọ́fíìsì kejì. Mo bi í pé ṣé kò bímọ ni, ṣé òkúta ló bí i. Mo fa lẹ́tà náà yọ, abọ́ sì ṣubú. Bàbá mi ló di apá mi mú, tí wọ́n fà mí jáde bí ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Lábẹ́ igi níta, wọ́n ní, "Má bú wọn mọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ̀gá wọn." Lẹ́yìn náà, wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "Bóyá n kò kọ́ ọ dáadáa."

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti rí ìyà oríṣiríṣi. Kò sí èyí tó dùn mí bí ìgbà tí ẹni tí wọ́n fi ìyà jẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀bi náà sí ara rẹ̀ lára.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ìjì òjò wó ilé mọ́ àwọn èèyàn lórí ní Ìlú-Àbọ̀, lẹ́yìn Àkúrẹ́ níbí. Ìyá olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, tí kíláàsì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, wà lára àwọn tó kú. Àgbẹ̀ ni ìyá náà, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ la fi ń ṣe gàárì ní ilé mi. Rédíò ka ìròyìn lọ́jọ́ kejì. Ó sọ ibi tí gómìnà lọ, ó sọ ẹni tó gbàlejò rẹ̀, ó sọ orúkọ gbogbo àwọn tó bá a jókòó, kí ó tó wá ní òjò pa "àwọn kan" ní Ìlú-Àbọ̀. Àwọn kan. Olùkọ́ ẹgbẹ́ mi bi mí pé, "Àwọn kan báwo?"

Lọ́jọ́ kejìlá tí a ti gbọ́ ohùn àbúrò mi kẹ́yìn, mo wà nínú kíláàsì ni nọ́ńbà òkèèrè kan wọlé. Obìnrin kan tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà tí mi ò gbọ́ rí bi mí bóyá èmi ni ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì báyìí báyìí. Mo ní èmi ni. Ó ní kí n dúró díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ohùn àbúrò mi ní, "mo wà láàyè."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo sì sunkún. Ó ní ìjì ṣí òrùlé ibi tí wọ́n tẹ́ àwọn ọmọ ọwọ́ sí. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́ta mìíràn gbé àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, wọ́n sì fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò sí ọmọ kankan tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì padà lọ mú oògùn, ògiri sì wó pa á.

Ohun tó wá sọ lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí o gbọ́ dáadáa. Ó ní bí ìjì ṣe rọlẹ̀, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi gbogbo ilé: "Ta ló sùn síbí lálẹ́ ọjọ́ ìjì? Ṣé ẹ ti rí gbogbo wọn?" Wọn kò kúrò níbi tí ẹnì kan bá sọnù sí. Wọ́n bi àwọn àlejò pé ta ni ẹbí wọn, ìlú wo ni wọ́n ti wá, nọ́ńbà ta ni kí wọ́n pè. Nígbà tí wọ́n sì ka iye tó kú tán, olórí ìjọba tuntun lọ jókòó ní ilé iṣẹ́ rédíò, òun fúnra rẹ̀ ló sì ka orúkọ wọn, ọjọ́ orí wọn, àdúgbò wọn, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ọkùnrin apẹja kan wà lára wọn tó wá láti ilẹ̀ mìíràn, tí kò ní ẹbí kankan níbẹ̀. Wọ́n ka tirẹ̀ náà.

"Gbogbo ìlú dákẹ́," àbúrò mi ní. "Ẹ̀gbọ́n mi, a gbọ́ orúkọ gbogbo wọn."

Ó yẹ kí inú mi dùn nìkan lọ́jọ́ yẹn. Inú mi dùn lóòótọ́. Mo jó nínú yàrá bàbá mi, wọ́n kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n tún dìde kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Àmọ́ bí ayọ̀ náà ṣe ń lọ sílẹ̀ ni nǹkan mìíràn ń ru sókè. Kí ni wọ́n ní tí a kò ní? Wọn kò ní epo rọ̀bì, wọn kò ní kòkó, wọn kò ní ilẹ̀ tó tó oko ìlú kan. Ìwé àti bírò ni wọ́n fi ka èèyàn. Ta ni kò ní bírò ní Alágbàká?

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, lẹ́tà kan dé fún bàbá mi ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Oǹdó, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìjọba erékùṣù náà. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn bá bàbá kẹ́dùn fún ìpayà ọjọ́ méjìlá tí wọn kò gbúròó ọmọ wọn, àti pé àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tí wọ́n tọ́ ọ dàgbà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Láti Alágbàká, tí kò jìnnà sí wa ju ìrìn wákàtí kan lọ nínú ọkọ̀, kò sí ẹni tó pè.

Wọ́n padà wá ṣá. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, erékùṣù náà fi àmì ẹ̀yẹ dá àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́rin náà lọ́lá, fídíò rẹ̀ sì tàn ká orí fóònù. Kò pé ọjọ́ márùn-ún tí ọkọ̀ mẹ́ta fi dúró sí ẹnu ọ̀nà bàbá mi ní Oǹdó. Ọ̀gá àgbà náà ló sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú akọ̀wé rẹ̀, oníkámẹ́rà méjì àti òdòdó tí wọ́n wé sínú ọ̀rá. Ó dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, níwájú kámẹ́rà. Bàbá mi ní kí wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n bu omi fún wọn. Mo bù ú.

Ọ̀gá yọ ìwé kan jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ní orúkọ ìjọba àti gbogbo ará ìpínlẹ̀ ni òun fi wá kí bàbá kú oríire ọmọ wọn, akọni obìnrin, àwòkọ́ṣe rere, ìyẹn... Ó wá pe orúkọ náà. Orúkọ mi ni.

Ó kọ́kọ́ rú mi lójú. Lẹ́yìn náà ló yé mi. Lẹ́tà tí orúkọ àbúrò mi wà nínú rẹ̀ ti di ìtẹ́lẹ̀ abọ́, nítorí náà, nígbà tí wọ́n ń wá orúkọ, inú ìwé àlejò ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti lọ wò ó.

Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè, oníkámẹ́rà sì dá iṣẹ́ dúró. Mo ti mọ ọkùnrin yìí fún ọdún mọ́kànlélógójì, mi ò gbọ́ kí wọ́n gbóhùn sókè rí, wọn kò sì gbé e sókè lọ́jọ́ náà. "Ọjọ́ tí mo wá bá ọ," wọ́n ní, "o ò fẹ́ mọ orúkọ ọmọ mi. Lónìí o fẹ́ ẹ, o ò sì mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí pé bóyá n kò kọ́ ọ dáadáa. Irọ́ ni mo pa. Mo kọ́ ọ. Ìwọ ni o ò gbẹ̀kọ́." Wọ́n na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. "Ẹ dìde nínú ilé mi."

Ọ̀gá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Wọ́n dìde. Akọ̀wé fẹ́ fi òdòdó sílẹ̀ lórí tábìlì, mo gbé e tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n lọ tán, bàbá mi jókòó, wọ́n ní kí n fún àwọn lómi. Ìbínú kò mọ́ wọn lára. Ó rẹ̀ wọ́n bí iṣẹ́ oko.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí, àmọ́ èyí tó ń dùn mí jù ṣì wà lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kẹta ọdún tuntun, àbúrò mi pè mí. Àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ máa tó parí, wọ́n sì fẹ́ kó tún tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ní àárò ilé ń sọ òun. Àárò ẹ̀bà ń sọ ọ́, ti bàbá ń sọ ọ́, àti ariwo òjò lórí páànù wa. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ṣé kí n máa bọ̀ wálé?"

Láti ọjọ́ tó ti lọ ni mo ti ń retí kó bi mí ní ìbéèrè yẹn. Mo ti tún yàrá rẹ̀ ṣe nínú ọkàn mi lọ́pọ̀ ìgbà. Mo ronú kan bàbá wa tí ọjọ́ ogbó ti dé sí. Mo la ẹnu láti sọ pé, bẹ́ẹ̀ ni, máa bọ̀, àbúrò mi, jọ̀ọ́. Ohun tó jáde ni, "Dúró síbẹ̀."

Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Èmi ni. Níbẹ̀, bí nǹkan bá ṣe ọ́, wọ́n á wá ọ."

Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi nínú ìjọ pé kí n gbé ìbínú náà sílẹ̀, pé ó ti pẹ́, pé ọmọ sáà wà láàyè. Mo ti dárí lẹ́tà jì wọ́n. Mo ti dárí ẹ̀rín ọṣẹ jì wọ́n, ó ku díẹ̀ kí n dárí orúkọ náà jì wọ́n. Àmọ́ wọ́n sọ mí di ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọmọ ìyá rẹ̀ pé kó má wálé. Ìyẹn ni mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dárí rẹ̀ jini.